Obìnrin Tó Fi Idà Bo Àyà

Àwọn tó mọ̀ mí ní Ṣakí mọ̀ pé olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni mí. Wọ́n tún mọ̀ pé mo ní àwọn káàdì kan tí mo máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹnìkan bá wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń dà á láàmú. Tárò ni orúkọ káàdì náà, káàdì aláwòrán tí àwọn òyìnbó fi ń wo ọjọ́ iwájú. Àwọn aládùúgbò mi ò rí ti orúkọ yẹn rò. Wọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ti rí àlejò tó ń wọlé tọ̀ mí ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Wọ́n tún fẹ́ lọ ta wọ́ọ̀tù." Mo ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi. Mo ní kì í ṣe wọ́ọ̀tù, kò sí ẹni tó ń jẹ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì, wọ́ọ̀tù náà ni wọ́n tún máa pè é.

Àgùnbánirọ̀ kan tó wá kọ́ni níléèwé wa ló fi í sílẹ̀ fún mi. Yàrá ẹ̀gbẹ́ tèmi ló ń gbé. Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ sílé, ó fún mi ní sítóòfù rẹ̀, ó fún mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá gbé káàdì náà lé e pẹ̀lú páálí rẹ̀. Ó ní nítorí àwọn àwòrán inú rẹ̀ lòun ṣe fún mi. Òótọ́ ló sọ, mo fẹ́ràn àwòrán. Ìwé pélébé kan wà nínú páálí náà tó ṣàlàyé ohun tí káàdì kọ̀ọ̀kan dúró fún. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí pẹpẹ, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí òjò ọdún yẹn fi rọ̀ tán. Nígbà tí mo máa fi padà dé ìdí rẹ̀, ikán ti jẹ ìwé náà, ó ti jẹ páálí, kò sì fọwọ́ kan káàdì kankan. Mo rò pé ọ̀rá tí wọ́n fi bo ara wọn ni ikán ò fẹ́. Mo nù wọ́n, mo kó wọn sínú agolo bisikíìtì, mo ń lò wọ́n láìsí ìwé.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń wò ó, orí ara mi ni mo ti gbé e wá. Mo máa ń tẹ́ gbogbo káàdì náà sórí ẹní, kí àwòrán wọn kọjú sókè. N kì í dojú wọn délẹ̀ kí èèyàn máa fà á bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó wá á fara balẹ̀ wò wọ́n, á mú èyí tí ojú rẹ̀ ò bá kúrò lára rẹ̀. N ó wá bi í pé, "Kí lẹ rí?" Bó bá dáhùn, n ó tún bi í pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi rí i bẹ́ẹ̀?" Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò ju ìyẹn lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń já síta. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo wọn pé káàdì ò mọ nǹkan kan, ẹni tó mú un ló mọ̀.

Àwòrán ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo so rọ̀, tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá kan níléèwé wa mú un, ó ní ọmọ tó ṣẹ̀ ni, wọ́n fìyà jẹ ẹ́, ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ sì ti gbàgbé láti sọ pé ó tó. Nígbà tí mo bi í kí ló dé, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lára òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun wá sí Ṣakí. Obìnrin ẹlẹ́ran kan tún mú un. Ó ní, "Wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n so rọ̀ báyìí tó tún ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi nìyí." Èmi tí mo ti ń wo àwòrán yẹn láti ọjọ́ yìí, n kò kíyè sí i rí pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó máa ń bá mi fa wàhálà ni pé àwọn èèyàn wa ò fẹ́ràn kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ babaláwo á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó lọ́wọ́, á gbé e kalẹ̀, ẹni tó ń wò ó ni yóò wá a rí. Bí onítọ̀hún bá bèèrè pé kí lo bá wá, o ti mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n wò nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe fún káàdì mi. Wọ́n á gbé e súnmọ́ ẹnu, wọ́n á sọ tẹnu wọn sí i lára, wọ́n á gbé e lé ẹní, wọ́n á wá káwọ́ gbera máa wò mí. Mo máa ń ní, "Etí mi ò gbọ́ o." Wọ́n á ní, "Ìwọ kọ́ la bá sọ̀rọ̀."

Bí wọ́n bá sì wá sọ̀rọ̀, kì í ṣe tiwọn. "Ẹnìkan ló ní kí n bá òun bèèrè" ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan yìí á ní iye ọmọ tí àwọn náà ní, ìyakọ rẹ̀ á le bí ìyakọ tiwọn. N kì í bá wọn jiyàn. Mo ti bá ẹnìkan náà pàdé tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè dá bàtà rẹ̀ mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi ò ka káàdì náà sí nǹkan kan. Ògbòòrò ni wọ́n ń gbé, iṣu àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí iṣẹ́ dínkù, wọ́n máa ń wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ṣakí. Ìyá Tíṣà ni àdúgbò ń pè wọ́n. Mùsùlùmí ni wá, ìrun ìyá mi kì í yẹ̀, nítorí náà mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n máa bá mi jà lórí káàdì yìí. Wọn ò jà. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe pé o ń bọ ọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ máa ta wọ́ọ̀tù yín." Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ní àlejò, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á ní, "Ẹni tí káàdì ẹ̀ bá ku ẹyọ kan, kó yáa pariwo o." Àwọn àlejò mi á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde á tún padà sínú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n dé tòun ti agbè àgbo kan. Wọ́n ní ibà ni. Mo rí i pé wọ́n ń fi òkúta ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń wẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa pè mí wọlé láti wá bá wọn yún ẹ̀yìn. Mo rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń gbé nǹkan tó bá wúwo. Mo rí gbogbo rẹ̀, n kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Èmi tí ìbéèrè jẹ́ iṣẹ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń kó káàdì padà sínú agolo lẹ́yìn tí àlejò kan ti lọ, ìyá mi jáde láti yàrá, wọ́n sì jókòó sórí ẹní.

"Tẹ́ wọ́ọ̀tù yẹn padà," wọ́n ní.

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. "Ẹ fẹ́ ta á?"

"Ẹnìkan ló ní kí n bá òun bèèrè."

Ẹ̀rín pa mí. "Ẹ̀yin náà, Mọ̀ọ́mì? Ẹnìkan wo?"

"Ìyá Ìbejì."

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fura. Ẹnìkan tí àwọn èèyàn máa ń bá bèèrè kì í ní ilé, kì í ní orúkọ. Ìyá Ìbejì ní méjèèjì. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń pọnmi ní Ògbòòrò, ìlú Ìràwọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọn sí, mo sì ti sùn nílé wọn rí. Bí wọ́n bá ní Ìyá Ìbejì fẹ́ bèèrè nǹkan, Ìyá Ìbejì ló fẹ́ bèèrè nǹkan. Mo tẹ́ káàdì náà.

Ìyá mi ò wò wọ́n pẹ́. Obìnrin kan wà nínú ọ̀kan tó jókòó lórí òkúta, ó wọ aṣọ funfun, wọ́n fi ọ̀já dì í lójú. Ó di idà mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di idà mú lọ́wọ́ òsì, ó wá ká apá rẹ̀ méjèèjì lé àyà. Òun ni wọ́n mú. Wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, ó pẹ́ díẹ̀. Ètè wọn nìkan ni mò ń rí. Nígbà tí wọ́n sọ tán, wọ́n gbé e síwájú mi.

"Kí lẹ rí?" mo bi wọ́n.

"Obìnrin ni."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó jókòó. Wọ́n dì í lójú. Ó sì lè jẹ́ òun ló dira ẹ̀ lójú, mi ò mọ̀."

"Idà yẹn ńkọ́?"

"Ó fi bo àyà ni. Kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni dé ibẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi rí i bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún wo káàdì. "Kókó kan so sí Ìyá Ìbejì lọ́mú. Ó ti ṣe díẹ̀. Ó ń mu àgbo, kò lọ. Ó ní ṣé kí òun jẹ́ kí wọ́n gé e nílé ìwòsàn, àbí kí òun fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Inú bí mi. Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, olùkọ́ kan wà níléèwé wa, àga wa kangun síra wọn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ aṣọ, ó ń mu èyí, ó ń fi tọ̀hún para, títí ọwọ́ ò fi bá a mọ́. Mo wà níbi tí wọ́n ti ń pín ẹrù àwọn ọmọ rẹ̀ fún àwọn ẹbí. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu mi kì í gbọ́ ti èmi fúnra mi. Mo gbàgbé pé ìbéèrè ni iṣẹ́ mi.

"Ẹ sọ fún Ìyá Ìbejì kí wọ́n da àgbo yẹn nù!" Mo ti ń pariwo. "Kí ni wọ́n ń dúró dè? Kó jẹrà mọ́ wọn láyà? Kó di pé imú la máa dì ká tó wọlé tọ̀ wọ́n? Àgbàlagbà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé wọn ò lọ́mọ tí wọ́n fẹ́ wà láyé fún ni?"

Ìyá mi dojú káàdì náà délẹ̀. "Ohùn rẹ ti dé títì," wọ́n ní. "N ó sọ fún un." Wọ́n dìde, wọ́n lọ wo ẹ̀wà lórí iná.

Bí mo ṣe rò ó, ìyá mi ò ní lè bá ọ̀rẹ́ wọn sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, mo ra búrẹ́dì, mo gun ọ̀kadà, mo kọrí sí Ìràwọ̀ láti lọ bá Ìyá Ìbejì sọ ọ́ fúnra mi. Wọ́n ti dáná sun igbó lọ́tùn-ún lósì, eérú ń fẹ́ sí wa lójú, igi ẹmí nìkan ló dúró. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Mo to ti dókítà, mo to ti ọmọ, mo to ti Ọlọ́run.

Ìyá Ìbejì ń sá iṣu èlùbọ́ lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọ́n rí mi, wọ́n nàró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Tíṣà! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí n wá kí yín ni."

"O gun ọ̀kadà láti Ṣakí nínú ọyẹ́ yìí wá kí mi." Wọ́n fi ojú wọ̀n mí látòkè délẹ̀. "O lóyún."

Mo ní n kò lóyún. Mo kúnlẹ̀, mo ń bá wọn da iṣu sílẹ̀, mo ń wá ibi tí mo máa gbà wọ̀ ọ́. Èèyàn kì í kàn bi ìyá ẹni lọ́rọ̀ ọmú. Mo ní, ara wọn ńkọ́? Wọ́n ní ara dá. Mo ní, ṣé kò sí ibi tó ń dùn wọ́n? Wọ́n ní orúnkún. Mo ní, yàtọ̀ sí orúnkún ńkọ́? Wọ́n ní orúnkún kejì.

"Ìyá mi ní ẹ ní kí àwọn bá yín bèèrè nǹkan," mo wá sọ.

"Èmi?"

"Lórí ọ̀rọ̀..." Mo fi ọwọ́ kan àyà mi.

Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo àyà tiwọn. Kò kọ́kọ́ yé wọn. Nígbà tó yé wọn, wọ́n fa bùbá wọn sókè lójú ọ̀sán gangan, wọ́n ní, "Fọwọ́ kàn án. Kókó dà? Èyí tó ti rọ bí àpò tí wọ́n da gààrí inú ẹ̀ tán yìí, níbo ni kókó fẹ́ jókòó sí?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àwọn ló kọ́kọ́ dákẹ́.

"Tún un sọ," wọ́n ní. "Kí ni ìyá ẹ sọ gan-an?"

Mo tún un sọ. Wọ́n fa bùbá wọn sísàlẹ̀, wọ́n rọra jókòó sórí àpáta láàárín iṣu. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo wá sí Ògbòòrò lẹ́yìn Iléyá, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wẹ̀ kí n jáde kí òun tó wọlé. Láti kékeré la ti jọ ń wẹ̀. Mo bínú. Mo ní ó ti di olówó lójú mi." Wọ́n ń fi ọwọ́ nu eérú kúrò lára iṣu kan ṣoṣo tó wà níwájú wọn. "Ìyá ẹ ni."

Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Òkúta ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ọwọ́ òsì, àgbo ibà, gbogbo wọn wá dúró síwájú mi. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi sọ lórí ẹní wá dé. Mo ti wo ojú ìyá mi, mo sì ti bi wọ́n bóyá wọ́n ń dúró kó jẹrà mọ́ àwọn láyà. Ẹ̀rù bà mí. Mo jókòó sórí àpáta náà, mo sunkún, Ìyá Ìbejì sì jẹ́ kí n sun ún.

Nígbà tí mo nujú tán, mo dìde, mo ní mò ń lọ sílé láti lọ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lónìí olónìí.

"Jókòó," Ìyá Ìbejì ní. "Tó o bá lọ là á mọ́ ọn lójú, ọ̀la ló máa padà sí Ògbòòrò, o ò sì ní rí i mú mọ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ara mi ló yá lò. Jẹ́ kó máa lò ó. Tó bá lò ó tán, á dá a padà."

Mo padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo jókòó tì wọ́n, mo bá wọn ṣa díẹ̀, mo wá ní, "Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì lónìí."

Ọwọ́ wọn dúró. "Kí ló wí?"

"Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ẹ̀wà. "Kò purọ́," wọ́n ní.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá mi ń bèèrè, mò ń dáhùn, Ìyá Ìbejì ló sì ń ṣàìsàn. Ìyá Ìbejì ní ta ló máa rí ìhòòhò òun? Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé obìnrin ni dókítà tí mo ti bá sọ̀rọ̀. Ìyá Ìbejì ní ṣé ó máa ń dunni? Mo ní wọ́n máa fún wọn lábẹ́rẹ́ oorun, wọn ò ní mọ̀. Ìyá Ìbejì ní bí wọ́n bá gé e, ṣé ara tí kò pé ṣeé fi kírun? Èyí ò sí lágbára mi. Mo lọ bá àáfà tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, mo ní ẹnìkan ló ní kí n bá òun bèèrè. Àáfà ní ọkàn ni Ọlọ́run ń wò. Mo gbé e wálé, ìyá mi ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí bóyá wọ́ọ̀tù yẹn sọ pé Ìyá Ìbejì máa kú. Mo ní káàdì ò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí ló wá wúlò fún? Mo ní, "Ẹ bá mi bẹ Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí wọn lọ́jọ́ yẹn ò dára."

"Ó ti gbọ́," ìyá mi ní. "Ó ní ẹnu rẹ ti mú láti kékeré."

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti ti mọ́sálásí dé, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, wọn ò wọlé. "Ìyá Ìbejì ní òun á lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè," wọ́n ní, "tó o bá máa tẹ̀lé òun."

"Mà á tẹ̀lé wọn."

Mo ránṣẹ́ sí Ìràwọ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá Ìbejì dé, wọ́n wọ léèsì, wọ́n lé tìróò, bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ìyá mi rí wọn, ojú wọn tàn, wọn ò bèèrè ohun tí wọ́n wá ṣe. Àwa mẹ́ta la wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Ìyá Ìbejì ló ṣíwájú, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nítorí orúnkún, wọ́n sì ń kérora jù bí orúnkún ṣe ń dùn wọ́n lọ. Dókítà nawọ́ àga sí wọn. "Mama, ẹ jókòó síbí. Ẹ̀yin lara yín ò yá?"

Ìyá Ìbejì ò jókòó, wọn ò sì dáhùn. Wọ́n yíjú sí ìyá mi. Mo mọ̀ pé bí ìyá mi ò bá sọ nǹkan kan, Ìyá Ìbejì ì bá jókòó sórí àga yẹn, ì bá tún tú bùbá, kí ọ̀rẹ́ wọn lè rí ibi tó máa gbà lọ sílé.

"Òun kọ́," ìyá mi ní. "Èmi ni." Wọ́n bọ́ sórí àga, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ìborùn wọn.

Wọ́n gbé wa lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé e. Dókítà ní àrùn náà ò tíì rìn jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dúró sójú kan náà. Oògùn tí wọ́n fún wọn lẹ́yìn rẹ̀ le. Irun wọn re, oúnjẹ korò lẹ́nu wọn, èébì ń gbé wọn. Wàhálà oògùn náà lọ sílẹ̀ nígbà tó yá, irun padà hù, ó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń súnmọ́, n kì í lè jẹun. Nígbà tí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ wá kí wọn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Mo wá gba ara mi." Ìyá mi ní, "Máa mú un lọ. Orúnkún rẹ̀ ò dáa." Wọ́n jọ wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìdí àdìrò.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi ń gbé báyìí. Àwọn èèyàn ṣì ń wá bá mi, wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ sí káàdì lára, ìyá mi sì ṣì ń pè é ní wọ́ọ̀tù. Láìpẹ́ yìí, àlejò kan lọ tán, káàdì ṣì wà lórí ẹní, wọ́n jókòó, wọ́n mú obìnrin tó fi idà bo àyà, wọ́n ń yí i wò.

"O ò bi mí rí ohun tí mo bá eléyìí sọ," wọ́n ní.

"N kì í bi ẹnikẹ́ni, Mọ̀ọ́mì."

"Mo rí i pé gbogbo àwọn tó ń wá síbí ló ń bá a sọ̀rọ̀, tó bá sì yá, wàá mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo ní òun ló ń sọ fún ẹ. Mi ò lè fẹnu mi sọ ọ́ fún ẹ. Mo ní kó bá mi sọ fún ẹ pé èmi ni, pé bí mo tiẹ̀ dárúkọ Ìyá Ìbejì, kí o mọ̀ pé èmi ni."

Mo súnmọ́ wọn lórí ẹní.

"O wá bẹ̀rẹ̀ sí pariwo," wọ́n ní. "Mo ní, háà, ó ti sọ fún un. Èmi ló ń bá wí. Inú tó bí ẹ yẹn, mi ò rí irú ẹ̀ lójú rẹ rí. Mo ní ọmọ yìí ò fẹ́ kí n kú. Nígbà tó o tún lọ sí Ìràwọ̀, mo mọ̀ pé o lọ pe ẹni tó máa bá ẹ bẹ̀ mí ni. Ìdí tí mo fi lọ sílé ìwòsàn nìyẹn. Ká ní o fohùn jẹ́jẹ́ dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn, Ògbòòrò ni ǹ bá padà sí."

Wọ́n dá káàdì náà padà sórí ẹní láàárín àwọn yòókù, wọ́n dìde lọ ṣe àlùwàlá. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo, mo dé e. N kò sọ fún wọn pé káàdì ò sọ nǹkan kan fún mi.